Káńfọ̀ Inú Àpótí Màámi

Ẹ fara balẹ̀ bá mi jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsáré-sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri nínú òtútù, n kò sì tíì rí ibi tí màá sọ̀ ọ́ sí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Gbogbo ẹni tó bá lọ ló ń fi òtútù dẹ́rù ba ará ilé. Èmi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ilé tí mo gba yàrá sí kò ní òórùn kankan. Ìkòtún ni mo ti wá o. Ní Ìkòtún, bí o bá di ojú, imú rẹ yóò sọ ibi tí o wà fún ọ: ẹja yíyan nìyí, èéfín jẹnẹrétọ̀ nìyí, awọ tuntun lọ́dọ̀ àwọn oníbàtà nìyí, gọ́tà tí òjò àná rú sókè nìyí. Níbi tí mo dé yìí, mo di ojú, n kò mọ̀ bóyá mo ṣì wà láyé.

Ìró kan wà tí Màámi, ìyá tó bí mi, fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Inú àpótí onírin rẹ̀ ló ti yọ ọ́, àpótí tó gbé ti Ọ̀yọ́ wá nígbà tó wá bá bàbá wa l'Ékòó. Aṣọ tó bá ṣe iyebíye lójú Màámi, inú àpótí yẹn ló ń lọ, pẹ̀lú káńfọ̀ funfun róbótó-róbótó láàrin ìṣẹ́po rẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá ti ilẹ̀kùn, màá ti imú bọ inú ìró náà. Òórùn káńfọ̀ á gba gbogbo yàrá, á wá dà bíi pé Màámi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń bá aládùúgbò jà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Bẹ́ẹ̀, èmi gan-an mọ ohun tí káńfọ̀ lè ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

*

Nọ́ọ̀sì ni mí. Kí n tó lọ, ọsibítù aládàáni kan ní Ìgandó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mátírọ̀nù. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ọlọ́wọ́ ire ni. Ọmọ tó dábùú sínú ìyá rẹ̀, ọwọ́ Mátírọ̀nù á bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi yí orí padà. Bí o bá bá a rìn láti Ìgandó dé Ìṣẹ̀rí-Olófin, ìkíni kò ní jẹ́ kí ẹ tètè dé. Àwọn ìyá á máa na ọmọ sí i pé, "Mà, ọmọ yín rèé o, ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì." Òun á gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, á ní, "Ọwọ́ mi yìí ló gbà á." Ẹ̀rí tó ní nìyẹn, kò sì wá òmíràn.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ tuntun bá ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí èso ìyeyè, ìtọ́jú kan náà la mọ̀: kí ìyá gbé e sí oòrùn àárọ̀, kó sì máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Òmíràn á yá, nítorí pé òmíràn máa ń yá fúnra rẹ̀. Òmíràn á gba ilé lọ, a ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn tó yá ni a ń bá pàdé lójú ọ̀nà tí wọ́n ń kí Mátírọ̀nù. Àwọn tí kò yá kì í kí ẹnikẹ́ni.

Imú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Àwọn ọmọ tó ń pọ́n yẹn, ọ̀pọ̀ nínú aṣọ wọn ló ń rùn bí àpótí Màámi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ìyá léèrè ibi tí wọ́n kó aṣọ ọmọ sí kí wọ́n tó bí i. Lẹ́yìn náà mo lọ sí kàfé kan ní Ẹgbẹ́dá, mo kà á, mo tún un kà. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Àwọn tó ṣe ìwádìí ti rí i tipẹ́. Àwọn ọmọ kan wà láàrin wa tí a bí tòun ti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹgẹ́. Bí káńfọ̀ bá kàn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ náà á máa fọ́, pípọ́n ara náà á sì gòkè wọ inú ọpọlọ. Oòrùn àárọ̀ kò ká a, gúlúkóòsì kò ká a. Iná búlúù tí wọ́n ń tàn sí ọmọ lára ní ọsibítù ńlá ló ká a, bí wọ́n bá tètè gbé e débẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mú un lọ bá Mátírọ̀nù. Ẹ̀pà ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó wo bébà náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo ní àwọn tó ṣe ìwádìí ni. Ó ní ṣé wọ́n ti gbẹ̀bí ní Ìgandó rí? Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù rẹ́rìn-ín.

"Káńfọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú aṣọ tí wọ́n fi gbà mí nígbà tí wọ́n bí mi," Mátírọ̀nù wí. "Ṣé mo kú ni?"

Mo ní, "Ẹ ò kú, mà. Àwọn tó kú ni kò lè wá sọ tiwọn níbí."

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n yọ mí kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n ní kí n máa di ojú ọgbẹ́. Kò pẹ́ sí i, mo rí ojú ewé kan nínú bébà mi lórí tábìlì Mátírọ̀nù. Ẹ̀pà ló fi wé.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ebi ló lé gbogbo wa kúrò nílé, ẹ ò parọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ fi ti ẹ̀pà yẹn kún un.

*

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń bọ́ wọn, mo ń yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìdí wọn má baà jẹrà. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó máa ń nu ibi tí mo bá fọwọ́ kàn lára rẹ̀, tí yóò sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí ìwé mi jáde, mo bọ́ sí wọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan tí mo lè rán níṣẹ́ nílé bi dókítà àgbà pé kí ni ẹ̀rí tó fi pàṣẹ oògùn kan. Mo tẹrí ba. Mo ń dúró de èébú. Dókítà náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí àwọn jọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Mo wọ ilé ìtọ̀ lọ, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo ní mo ti délé.

N kò tíì délé. Ní wọ́ọ̀dù wa, àṣà ni pé kí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún má mu omi láti ìdájí, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló lè tó kàn án. Ẹnu àwọn arúgbó á gbẹ, orí á máa fọ́ wọn. Mo kó ẹ̀rí jọ pé omi díẹ̀ kò léwu títí iṣẹ́ abẹ yóò fi kù díẹ̀. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo èèyàn, rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórílẹ̀-èdè tèmi nìyẹn. Ẹ gbọ́ o: ìwádìí àwọn èèyàn tiwọn ni mo mú lọ́wọ́.

Mo sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, mo gbé ife omi fún ìyá arúgbó kan, ó mu ún tán, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì nu ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́gun mi nìyẹn, mo gbà á. Wọ́n wá ya fọ́tò àwọn tó mú àyípadà rere náà wá, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀nà àbáwọlé. Ọjọ́ tí wọn ò fi mí síṣẹ́ ni wọ́n yà á.

Nílé, wọ́n ní ọmọdé ń bá àgbà jiyàn. Lẹ́yìn odi, wọ́n ní àjèjì ń mú àṣà ilé rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, ẹ̀rí rẹ̀ gún régé níbi méjèèjì. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ni wọ́n ń wò.

*

Àbúrò mi obìnrin, Sìdí, lóyún. Ìkòtún ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, wọn kò jìnnà sílé Màámi. Àkọ́bí ni. Inú mi dùn débi pé bí mo bá ti jáde níbi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé ni mo ń yà sí. Mo ra aṣọ pénpé, mo ra fìlà, mo ra ìbọ̀sẹ̀ tí ooru Ìkòtún kò nílò, mo fi gbogbo rẹ̀ rán ẹni tó ń lọ sílé. Mo wá pe Màámi. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ yẹn o. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ó ní òun ti gbọ́. Mo tún un sọ.

"Ṣé etí mi di ni?" Màámi bi mí. "Mo ní mo ti gbọ́."

Sìdí bí ọmọkùnrin. Ọwọ́ Mátírọ̀nù ló bí i sí, ní ọsibítù kan náà ní Ìgandó. Mo ti ní kó lọ sí ti ìjọba, ṣùgbọ́n ó ní Mátírọ̀nù mọ òun, pé bí ìyá ló ń ṣe sí òun nítorí tèmi.

Káàdì la fi ń pe ilé nígbà náà. Wàá ha ẹ̀yìn rẹ̀, wàá tẹ nọ́ńbà, ohùn obìnrin kan á kìlọ̀ fún ọ pé ìṣẹ́jú rẹ ń lọ. Nígbà tí mo pè kí n lè gbọ́ bí ìpalẹ̀mọ́ ìsọmọlórúkọ ṣe ń lọ sí, Màámi ló gbé e. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ọmọ wa pupa fòò. Ìyá bàbá rẹ̀ ló fi jọ, àbí aṣọ tó o fi ránṣẹ́ ló sọ ọ́ di òyìnbó? Ọmọ jẹ́jẹ́ sì ni, kì í sunkún. Ó ń sùn ṣáá ni."

Mo ní ṣé ó ń mu ọyàn? Ó ní ó ń mu díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí wọ́n la ojú rẹ̀, kí wọ́n wo funfun ẹyinjú rẹ̀ fún mi. Ó pẹ́ kí Sìdí tó gba fóònù.

"Àǹtí, ó pọ́n díẹ̀."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ náà ni. Màámi tọ́jú wọn dáadáa, wọ́n ń ta sánsán."

N kò béèrè ohun tó ń ta sánsán. Màámi ti gba fóònù padà. Ó ní kí n má bínú, pé òun kò dá a ṣe. Òun lọ bi Mátírọ̀nù kí òun tó kó o sínú àpótí, Mátírọ̀nù sì rẹ́rìn-ín, ó ní ìjà èmi àti káńfọ̀ kì í ṣe òní, kí òun fi sí i jàre. Ṣé kí òun wá jẹ́ kí aáyán jẹ aṣọ tó ti ìlú òyìnbó wá?

Mo ní kí wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lára ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba, ibi tí iná búlúù wà, kí wọ́n má dúró wẹ̀ ẹ́. Màámi kò gbà. Ó ní ìsọmọlórúkọ ti dé tán. Ó ní àgbò ti wà lórí ìso, a ti sọ fún àlùfáà, àwọn ẹbí ọkọ ti ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Mátírọ̀nù ti rí ọmọ náà, ó ní kí wọ́n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀.

"Ọmọ tí kò tíì lórúkọ," Màámi wí, "kí la fẹ́ ní kí wọ́n máa pè é níbẹ̀? Jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ tán."

Káàdì tán lẹ́nu mi. Mo sáré ra òmíràn, mo pe Mátírọ̀nù. Inú rẹ̀ dùn láti gbóhùn mi. Ó pè mí ní ìyá òyìnbó, ó béèrè òtútù. Mo sọ ohun tó gbé mi pè é. Ohùn rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kò pariwo.

"Bí o bá wà níbí, wàá fojú ara rẹ rí ọmọ náà. O ò sí níbí. Èmi ni mo wà níbí. Ọwọ́ mi yìí ló gbà á. Má fi fóònù kọ́ mi ní ọmọ tí mo gbà."

O ò sí níbí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí mi, nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni n kò ní ẹ̀rí tí mo lè fi já a nírọ́.

*

Wọ́n sọ ọ́ ní Mùbárákì, ẹni ìbùkún. Àwọn àlejò kò tíì jẹun tán nígbà tí ẹ̀yìn ọmọ náà tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tín-ín-rín bí ọmọ ológbò. Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́, Sìdí nínú aṣọ ìkómọ, Màámi lẹ́sẹ̀ lásán. Ní ọsibítù ìjọba, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tan iná búlúù sí i lára, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Dókítà ibẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè ìgbà tí ara ọmọ náà ti ń pọ́n.

Mùbárákì kò kú. Gbogbo èèyàn ní kí á dúpẹ́, a dúpẹ́. Nígbà tó tó àkókò tí ọmọ ń wá ohùn ìyá rẹ̀ kiri, Sìdí fi ọmọrí lu ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó tún un lù. Ó pè mí, ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ròyìn ọjà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí, ẹ mọ nǹkan yìí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kí ni ẹ wá gbé ìmọ̀ yín lọ fi ń ṣe lọ́hùn-ún?"

Mo ń fún àwọn arúgbó lómi ni.

Mo fọ ìró Màámi lọ́jọ́ yẹn. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, títí kò fi ní òórùn kankan mọ́, àfi bí ilé tí mo ń gbé.

*

Nígbà tí mo lè padà wá sílé kí wọn, Mùbárákì ti ń lọ sí iléèwé àwọn adití. Ó ga, ojú rẹ̀ mú, kò sí ohun tó ń bọ́ lójú rẹ̀. Màámi kì í jókòó sí yàrá tí mo bá wà. Àpótí onírin rẹ̀ ti wà lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀.

Dókítà tó ni ọsibítù Ìgandó gbọ́ pé mo dé. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní ayé ti yí padà, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀rí nídìí ni gbogbo ayé ń ṣe báyìí, kí n jọ̀ọ́ wá bá àwọn nọ́ọ̀sì àdúgbò sọ̀rọ̀. Wọ́n gba gbọ̀ngán iléèwé kan. Wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ gbàgàdà pé nọ́ọ̀sì àgbà láti Lọ́ńdọ̀nù. N kò gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. Nọ́ọ̀sì wá láti Ìkòtún, láti Ẹgbẹ́dá, títí dé Dopemu. Mo ní kí Sìdí àti ọmọ rẹ̀ wá jókòó síwájú.

N kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kà ní kàfé Ẹgbẹ́dá ni mo sọ, kò lé, kò dín: ẹ bi ìyá léèrè káńfọ̀ kó tó bímọ, ẹ la ojú ọmọ níbi ìmọ́lẹ̀, ẹ má fi oòrùn tan ara yín, ọmọ tó ń sùn jù kì í ṣe ọmọ jẹ́jẹ́. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń yà mí ní fọ́tò.

Nígbà tí mo parí, Mátírọ̀nù dìde láti dúpẹ́. Ó ti darúgbó, ó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fi í ṣe àgbà ọjọ́ náà. Ó ní kí wọ́n wò mí dáadáa, pé òun ló tọ́ mi. Ó wá kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí. Gbogbo ọgbọ́n yìí, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún wa nígbà tó o wà lọ́dọ̀ wa?"

Mo wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti gbàgbé ni. Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo tẹrí ba. Àwọn èèyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, wọ́n bú sí àtẹ́wọ́, gbọ̀ngán náà ń dún kìjikìji.

Mùbárákì rí ọwọ́ wọn. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń mì wọ́n bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Mátírọ̀nù rí i. "Kí ni ọmọ yẹn ń ṣe?"

"Àtẹ́wọ́ ló ń pa, mà," Sìdí wí. "Bí wọ́n ṣe ń pa á níléèwé wọn nìyẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ọmọ tó dáa bí èyí." Ó sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, bó ṣe máa ń ṣe lójú ọ̀nà Ìgandó láyé àtijọ́. "Níbo lo bí i sí?"

Sìdí kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọwọ́ yín yìí náà ni, mà."